Nígbà tí Ìyá Àgbà Di Ìyàwó Tuntun

Twi ló kọ́kọ́ lọ. Ìyá tó bí bàbá mi ti ń ta wọ̀sìwọ́sì ní Kùmásí nílẹ̀ Gánà kí wọ́n tó bí mi, abẹ́rẹ́ àti òwú, kàfúrà, bọ́tìnnì, dígí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Twi tó fi ń tajà dán débi pé àwọn obìnrin Asante máa ń bá a jiyàn pé irọ́ ló ń pa, ọmọ ìlú àwọn ni. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tì í ní ìsọ̀, oníbàárà kan mú òwú dúdú, ó ní, "Nana, ɛyɛ sɛn?" Ìyá àgbà wò ó lẹ́nu títí, ó wá yíjú sí mi.

"Kí lèyí ń wí?"

"Ó ní èló ni."

"Èdè wo nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìfi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́, mo rò pé èmi ló kàn. Ṣùgbọ́n kò ṣeré. Kí òjò ọdún náà tó dá, Twi ti tán lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo èébú aládùn tó fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ọjà. Hausa tẹ̀ lé e. Yorùbá nìkan ló kù, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà láéláé, tó kún fún ọ̀rọ̀ tí àwa tí wọ́n bí sí Aboabo, àdúgbò wa ní Kùmásí, ò gbọ́ rí.

Mo ti darúgbó báyìí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà ju bó ṣe wà nígbà yẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì ń yà mí sí bí nǹkan náà ṣe mọ ọ̀nà. Kì í ṣe pé ó ń bàjẹ́ káàkiri. Ohun tó wọlé gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kó ẹrù kúrò nínú yàrá tó kún, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nínú àwọn èèyàn, àwa ọmọ-ọmọ la kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn wa ni ikú bàbá àgbà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé ìgbà wo ni ọkọ òun máa ti oko dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn ọmọ tó bí. Lọ́jọ́ tó wo bàbá mi, àkọ́bí rẹ̀, tó sì kí i bí ẹni ń kí àgbàlagbà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á, bàbá mi wọ yàrá lọ, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un.

Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. Ọdún tí wọ́n gbé e níyàwó wọ agboolé bàbá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló tẹ̀dó sí. Ibẹ̀ ló ń gbé lójoojúmọ́, nínú ilé wa ní Aboabo, láàrin àwa tí wọn ò tíì bí lójú tirẹ̀.

Ẹ sì mọ bí ìyàwó tuntun ṣe ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Òun ló ń kọ́kọ́ jí. Gbogbo ọmọ tó bá nílé kó tó dé, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, á kúnlẹ̀ kí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, a gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lójúde. Ìyá mi sáré jáde láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà bá kúnlẹ̀, ó di ìgbálẹ̀ mú pinpin.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, ìyálé mi. Tí wọ́n bá jí bá yín lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni wọ́n máa bú."

Ìyá mi, tó ti ń kúnlẹ̀ fún obìnrin yìí láràárọ̀ látìgbà tó ti fẹ́ bàbá mi, kò mọ̀gbà tí orúnkún tirẹ̀ náà kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe dojú kọra wọn nìyẹn lórí erùpẹ̀, ìgbálẹ̀ wà láàrin wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyá mi wò mí lójú, mo sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Èmi alára ti di ọkọ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún mi, á dojú bolẹ̀, á ní, "Ọkọ mi, omi rèé o." Ọmọdé wo ni kò ní gbádùn ìyẹn? Mo gbádùn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ojú náà mọ́, ó ń dán, ojú ọmọbìnrin ni, tó ń wò mí bóyá inú mi dùn sí òun. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dára, irú èyí tó máa ń bà mí tí wọ́n bá ń ka Kùránì ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo gba omi náà, mo mu ún tán, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọkọ gidi.

Bàbá mi ni kò lè fara dà á. Ọkùnrin gìdìgbà ni, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò Asafo, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa. Lójú ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni, baálé agboolé. Láràárọ̀ tó bá fẹ́ jáde, ìyá àgbà á ti wólẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyá tó bá kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ń rán an létí ìkúnlẹ̀ tó fi bí i, èpè ni, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ẹ̀yìnkùlé ló wá ń gbà jáde, á kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá lórí ògiri, òun náà á wá gun ògiri tẹ̀ lé e. Àwọn aládùúgbò rò pé ó ń sá fún agbowó-orí.

Ọjọ́ tí kò rí ògiri gùn ni ọjọ́ tí àwọn àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kùmásí ṣèpàdé nílé wa. Wọ́n jókòó yíká pálọ̀, bàbá mi wà láàrin wọn, ìyá àgbà bá gbé omi wọlé fún àlejò. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó gbé omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, ó fi orí kan ilẹ̀. Bàbá mi dìde fùú bí ẹni tí iná jó, ó ti ara mọ́ ògiri.

"Ọwọ́ ayé ni," ni àgbà kan wí nígbà tí wọ́n ti mú ìyá àgbà jáde.

"Ilẹ̀ àjèjì ló ń ṣe é," ni èkejì wí. "Ẹ gbé e lọ sílé. Tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bàbá ẹ̀, iyè ẹ̀ á sọ. Wallahi, mo ti rí i rí."

Bí wọ́n ṣe fi í sí nìyẹn. Tí a bá ti ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, bàbá mi á gbé ìyá rẹ̀ sínú lọ́rì tó ń lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló sì kù ní Ògbómọ̀ṣọ́? Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ti kú tán. Ìyàwó ìbátan kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí ló máa gbà á sọ́dọ̀. Ìyá mi mọ̀, èmi náà mọ̀, pé tí lọ́rì yẹn bá fi lè gbéra, a ò ní rí ìyá àgbà mọ́.

Ìyá mi kì í jiyàn. Ó kàn máa ń ro nǹkan kiri ni. Ohun tó ń dùn bàbá mi jù, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe rí i, ni pé ó gbà pé ilé wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀, pé ẹnì kan ló fi ṣe wá. "Ṣé àwa nìkan ni?" Mo gbọ́ tí ìyá mi ń bi ara rẹ̀ léèrè nídìí ààrò. Láàárọ̀ Jímọ̀, ìyá mi máa ń dín mááṣà, á fi ṣe sàráà fún àwọn arúgbó tó mọ̀, èmi ni mo sì ń bá a ru igbá. Títí di ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà là ń dúró sí. Ọmọ ilé á gba mááṣà, á ṣàdúrà fún wa, a ó kọjá. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìpàdé yẹn, ìyá mi ò fi igbá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ wọlé kí àgbà fúnra òun.

Ilé baba Hausa kan tó ti fìgbà kan jẹ́ oníṣòwò obì la kọ́kọ́ dé. Gbogbo Aboabo ló mọ̀ pé ọkùnrin náà ti ń kó obì lọ sí òkè ọya kí mọ́tò tó dáyé. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Sannu," ni ìyá mi wí. "Baba ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n wọlé kí wọn."

"Wọ́n ń sùn."

"Tiwa náà wà nílé," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́. "Ó ń pè mí ní ìyálé."

Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó wá yà lọ́nà. Baba náà kò sùn. Ó jókòó lórí ẹní, òkìtì ewé tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agbọ̀n wà níwájú rẹ̀. Ó ń tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, ó ń to nǹkan sí i tí a kò rí, ó ń fi ewé mìíràn bò ó, ó ń fi okùn dì í. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Nígbà tó dì í tán, ó gbé e wò bóyá ó le, ó tú u, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí obì kan ṣoṣo nínú yàrá náà. Mo ti rí àwọn tó ń di obì ní ọjà, kò sẹ́ni tó lè dì í tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

"Kullum," ni ọmọ rẹ̀ wí, "ojoojúmọ́ ni. Èmi ni mò ń já ewé fún wọn. Ọjọ́ tí n ò bá já a, wọ́n máa ń sunkún ni." Ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú. "Don Allah, ẹ má sọ ọ́ síta."

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn láti Jímọ̀ sí Jímọ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ló jẹ́ ká wọlé, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti sọ ti ilé wa, ilẹ̀kùn púpọ̀ ń ṣí. Ó tiẹ̀ mú mi dé Tafo, sọ́dọ̀ obìnrin Asante kan tí wọ́n jọ ń tajà. Ìyá obìnrin náà, tí kò ní eyín kan lẹ́nu, di ẹrù kékeré kan sábẹ́ apá, ó ń lọ ó ń bọ̀ lójúde.

"Ɔrehwehwɛ ne maame," ni ọmọ rẹ̀ sọ fún wa, pé ìyá rẹ̀ ló ń wá. Nígbà tí a jókòó, ó fa arúgbó náà lọ́wọ́, ó mú un yí ilé po, wọ́n sì tún dé ẹnu ọ̀nà kan náà tí wọ́n ti gbéra. Ó ní, "A ti dé o. Ìyá yín lọ sóko ni, wọ́n á dé láìpẹ́." Arúgbó náà jókòó, ara rẹ̀ balẹ̀, ó gba mááṣà, ó sì rọra ń jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rin ìrìn àjò yìí.

Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Télọ̀ kan wà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, gbogbo Zongo, ìyẹn àdúgbò àwa àlejò, gbà pé kò sẹ́ni tó dàgbà tó o. Kí ìyá mi tó kí i tán, ó ti fi ohùn mọ̀ ọ́n, ó sọ ọdún tí bàbá rẹ̀ dé Kùmásí, ó sọ àwọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù rẹ̀ wọ̀lú, ó wá fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà tó wà lọ́mọdé ó máa ń jí ìrépé aṣọ òun. Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í lórí àga kan náà, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ó kéré sí i dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń gbé, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń jẹ. Mo ń wo àwọn méjèèjì títí ìyá mi fi gbá mi lọ́wọ́ pé kí n yé la ẹnu sílẹ̀.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá mi dúró lójú ọ̀nà, igbá òfìfo wà lórí mi. "Wọ́n pọ̀," ó ní. "Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga sí i ni wọ́n ń pọ̀ sí i." Ó ní gbogbo ìgbà tí òun ti ń gbé sàráà kiri, ẹ̀yìn aṣọ-ìkélé ni wọ́n wà, òun ò sì mọ̀. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ fún wa nísinsìnyí kò jìnnà sí èyí. Wọ́n ní kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjọ́ ogbó, ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń mú èèyàn púpọ̀ sí i, síbẹ̀ àwọn kan á dàgbà dàgbà, iyè wọn á sì pé títí dọjọ́ ikú. Ìdí tó fi ń mú ẹni tó ń mú, tó ń fi ẹni tó ń fi sílẹ̀, wọn ò tíì lè sọ délẹ̀. Mo ti wà nínú ọjọ́ orí náà báyìí. Tí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù lẹ́nu mi, mo máa ń dúró jẹ́ẹ́ kó tó padà dé.

Ìyá mi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó sọ ti ewé obì, ó sọ ti obìnrin Tafo, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, kò sì bínú.

"Bí wọ́n bá pọ̀," ó ní, "ṣé ìyẹn wá ní kí ìyá mi máa kúnlẹ̀ fún mi?"

Ó ti ṣèlérí fún àwọn àgbà, ọdún sì ti dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, lọ́rì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, awakọ̀ ń fun fèrè. Ìyá mi ti wẹ ìyá àgbà, ó ti wọ̀ ọ́ ní aṣọ tó dára jù, ó sì to ìwọ̀nba ẹrù rẹ̀ sínú àpótí páànù. Gbogbo bó ṣe ń ṣe é ni omi ń jábọ́ lójú rẹ̀, ìyá àgbà sì ń fi etí ìró nù ún fún un, ó ń ní, "Ìyálé mi, ẹ ṣe sùúrù." Bàbá mi jáde nínú aṣọ ìrìn àjò. Ó fẹ́ kí inú ìyá rẹ̀ dùn, ló bá fi ohùn òkè sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ó yá o. Ilé là ń lọ. Ilé bàbá yín là ń mú yín lọ."

Ìyá àgbà wo àpótí. Ó wo ìyá mi, tí ń sunkún. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ láàárọ̀ bí kò ṣe èyí tí ilé ọkọ ti kọ̀. Ó kúnlẹ̀. Bàbá mi yíra padà láti sá bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti di etí ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? Tó bá jẹ́ pé iyọ̀ ọbẹ̀ ló pọ̀, màá dín in kù. Tó bá jẹ́ pé mo pẹ́ lódò, n ò ní pẹ́ mọ́. Ẹ má dá mi padà. Ojú á ti bàbá mi."

"Ìyá, kò sẹ́ni tó lé yín," ni bàbá mi wí.

Ìyá àgbà mi orí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fọwọ́ pè é pé kó bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ òun. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó rọra sọ, àwa tí a dúró tì wọ́n gbọ́ ọ.

"N ò tíì sọ fún ọkọ mi pàápàá. Mo ti lóyún, bàbá. Oyún àkọ́kọ́ mi ni. Ẹ bá mi rò ó nítorí ọmọ inú mi."

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé. N ò rí ohun tó dà bí ìyẹn rí, kí abiyamọ máa fi ọmọ bẹ ọmọ náà gan-an. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Níta, awakọ̀ tún fun fèrè.

Bàbá mi kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí erùpẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, títí ojú òun àti ojú ìyá rẹ̀ fi ṣe déédéé.

"Ìyàwó," ó ní, "kò sẹ́ni tó máa dá ọ padà. Ilé rẹ nìyí."

Ìyá mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí awakọ̀ máa lọ. Bàbá mi ṣì jókòó níbẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ọmọ náà," ó ní, "ṣé kì í yọ ọ́ lẹ́nu?"

Ìyá àgbà fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ti gbẹ, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú.

"Rárá o, bàbá. Ó kàn ń jẹ́ kí n máa bì láàárọ̀ ni."

Bàbá mi ní kó má bínú sí ọmọ náà.